Èsì wa sí oníbàárà tó ní Hilux òun ṣì ń gbọ̀n

Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ẹ ní a gbowó lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n tó bá ti sún mọ́ 100 kìlómítà ní wákàtí kan, pé àfojúbù là ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àfojúbù yẹn dùn mí. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa á kà á, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lẹ kọ́kọ́ gbé e wá. Ọmọbìnrin tó ń ṣe bálánsì táyà, kí ìwúwo rẹ̀ lè dọ́gba yíká, tó ti wà pẹ̀lú wa láti ọdún mẹ́fà, tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Amọ̀ tó gbẹ mọ́ inú rímù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún tó àtẹ́lẹwọ́; irin ló fi họ ọ́ kúrò. Òjé bálánsì méjì ti já bọ́ lára rímù iwájú. Ojú yín ló ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà lẹ pè wá pé síárìn ò gbọ̀n mọ́, ìjókòó nìkan ló kù. Ẹ ò kọ ìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, èmi fúnra mi wà á lójú ọ̀nà Ọbajànà sí Kàbà, ẹ jókòó tì mí. Kí wọ́n tó da kọnkéré sí i, kìlómítà 43 yẹn, ta ló ń sá 100 níbẹ̀? Kòtò ló ń bo àrùn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí a dé 95, omi inú ike tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wìnnìwìnnì, ilẹ̀ ọkọ̀ ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo yọ jíà sí niútírà, kò dákẹ́: kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì, kò le sí i: kì í ṣe dísìkì. Ní 100, irú táyà yín ń yí bí ìgbà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pùrọ̀pẹ́là, ọ̀pá irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí táyà ẹ̀yìn, ń yí tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Gbígbọ̀n tó yára tó ń kùn bí agbọ́n báyẹn, pùrọ̀pẹ́là ni.

A wọ abẹ́ ọkọ̀. Etí kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn oríkèé pùrọ̀pẹ́là, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ò kọjú síra wọn mọ́. Ẹni tó tú pùrọ̀pẹ́là kò sàmì sí bó ṣe wà kó tó fà á yọ. Ìgbà tí mo bi yín lẹ tó sọ pé wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì níbòmíràn lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ tí kì í ṣeé ṣe láìyọ pùrọ̀pẹ́là. A tò ó padà, a fi ọ̀dà funfun sàmì sí i. Mo tún fi rọ́bà bẹ́árìn àárín, èyí tó gbé pùrọ̀pẹ́là dúró láàárín, tó ti ya hàn yín, mo ní láìpààrọ̀ rẹ̀, kò ní dákẹ́ tán. Ẹ ní ẹ ń lọ ṣe ìgbéyàwó ní Ìsánlú, ẹ máa padà wá. Ọ̀rọ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì la rí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ibi tí mo ti jẹ̀bi: ó yẹ kí n ti wà á lọ́jọ́ Ajé, kí a tó fọwọ́ kan táyà.

Ẹ ra bẹ́árìn náà wá. A ò ní gba owó iṣẹ́. Èmi àti yín á wà á dé Ọbajànà. Tí ike omi bá ṣì ń gbọ̀n, gbogbo owó tí ẹ ti san, bálánsì àti ti pùrọ̀pẹ́là, ni màá dá padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹni tó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì yín dání, kí n fi ibi tí wọ́n ń sàmì sí hàn án.