Irọ́ ni pé DD-214 máa ń di Honorable fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà

Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ṣe sójà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ ohun tí kò dára sórí DD-214 rẹ̀, ìyẹn ìwé ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ń fún sójà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé: “Kò sí wàhálà. Tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, á di Honorable fúnra rẹ̀.” Honorable ni ìtúsílẹ̀ tó níyì jù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni èyí. Kò sí òfin kankan, nínú ẹ̀ka ológun kankan ní Amẹ́ríkà, tó sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà lè kọjá, ogún ọdún lè kọjá, ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, àfi tí ẹni tó ni ìwé tàbí ẹbí rẹ̀ bá kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì gbà.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé inú bárékè làwọn ti gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogún ọdún tí gbogbo nǹkan ti sú, tí kò fẹ́ ju kó ṣáà kúrò níbẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ kó fọwọ́ sí i, ẹni tó jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ sì ní kó fọkàn balẹ̀, nǹkan ọ̀hún á tún ara rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ohun tí ọ̀gá bá sọ ni abẹ gé. Èmi kò bá a wí rárá. Ohun tó dùn mí ni iye ọdún tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń retí ohun tí kò ní dé.

Ẹ jẹ́ ká wo DD-214 ọ̀hún fúnra rẹ̀, nítorí àwọn míì wà tí wọn kò tíì rí gbogbo rẹ̀ tán. Apá ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àpótí 24 ló ń sọ irú ìtúsílẹ̀ tí ẹni náà gbà, bóyá Honorable, General tó tẹ̀ lé e, tàbí Other Than Honorable, èyí tí kò níyì, tí àwọn sójà ń pè ní OTH. Àpótí 26 ni kóòdù tó dúró fún ìdí tí wọ́n fi tú u sílẹ̀, 27 ń sọ bóyá ó lè padà wọṣẹ́ ológun, 28 sì ni ìdí náà gan-an tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ. Ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní Member-1 kò ní apá yìí rárá, Member-4 ló ní in. Ẹni tó bá wá Member-1 jáde lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí kò rí OTH níbẹ̀, lè máa dúpẹ́ pé wọ́n ti pa á rẹ́. Wọn kò pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ béèrè Member-4.

Nǹkan tó so mọ́ àpótí 24 yẹn kì í ṣe kékeré. Owó ilé ẹ̀kọ́ Post-9/11 GI Bill, Honorable ni wọ́n ń béèrè, General pàápàá kò tó. Ní ti ìtọ́jú àti owó ìrànwọ́ VA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà, OTH kò ti ilẹ̀kùn pa pátápátá, torí VA lè gbé ọ̀rọ̀ ẹni náà yẹ̀ wò fúnra wọn. Síbẹ̀ ìpinnu VA kì í yí ohun tó wà lórí DD-214 padà. Ọ̀tọ̀ ni ti VA, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ológun.

Ta ló wá lè yí i padà? Àkọ́kọ́ ni Discharge Review Board, ìgbìmọ̀ tó ń tún ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ yẹ̀ wò, tí òfin ọdún 1944 dá sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù DD 293 ni wọ́n ń kọ sí wọn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín ọdún 15 sí ọjọ́ tí wọ́n tú ẹni náà sílẹ̀. Wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí general court-martial, ilé ẹjọ́ ológun tó lágbára jù, lé dànù. Èkejì ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ ológun, àwọn alágbádá ló jókòó níbẹ̀, kì í ṣe sójà. Army ní tiwọn, Air Force ní tiwọn, Navy àti Marine jọ ń lo ọ̀kan. DD 149 ni fọ́ọ̀mù tiwọn. Ṣáájú ọdún 1946, ẹni tí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ kù káàtó lè ní láti bẹ aṣòfin kó gbé òfin kalẹ̀ ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nítorí òun nìkan. Òfin ọdún yẹn ló gbé iṣẹ́ náà fún irú ìgbìmọ̀ yìí. Ọdún 3 ni wọ́n fún ènìyàn, láti ìgbà tó ti mọ̀ pé àṣìṣe tàbí ìrẹ́jẹ wà, ṣùgbọ́n wọ́n lè fojú fo ìyẹn tí wọ́n bá rí i pé ẹ̀tọ́ ni kí àwọn gbọ́ ọ.

Ẹ ti rí ibi tí irọ́ oṣù mẹ́fà ti ń ṣeni léṣe. Aago ń lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà jókòó tó ń retí. Tí ọdún 15 bá ti kọjá, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ti tì, àfi kó lọ bá ìgbìmọ̀ kejì, kó sì ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́.

Kódà nígbà tí ìjọba ṣí ọwọ́ fún àwọn sójà ìgbà ogun Vietnam, kò sí èyí tó yí padà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1977, lábẹ́ Ààrẹ Jimmy Carter, wọ́n ṣe ètò àkànṣe tó mú kí àtúnyẹ̀wò rọrùn fún wọn. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá kọ̀wé béèrè kò rí nǹkan gbà.

Ohun míì tó yẹ ká mọ̀ ni pé ìgbìmọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èrò pé ohun tí àwọn ológun kọ tọ̀nà. Ọrùn ẹni tó ń béèrè ni ẹ̀rí wà. “Mo ti di ènìyàn rere” nìkan kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń wo ìyẹn náà. Ká ní ẹnì kan dé láti Iraq, tí kò lè sùn mọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí mutí, tó wá sá níbi iṣẹ́, tí wọ́n sì fi OTH lé e. Láti ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ ológun ti pàṣẹ pé kí àwọn ìgbìmọ̀ ro ti PTSD dáadáa, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí ohun ẹ̀rù bíi ogun máa ń fà, ìwé àṣẹ oṣù kẹjọ ọdún 2017 tí wọ́n ń pè ní Kurta memo sì là á sí ìbéèrè mẹ́rin. Ǹjẹ́ ẹni náà ní àìsàn ọpọlọ, tàbí ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i, tó lè jẹ́ àwíjàre? Ṣé ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ló ṣàlàyé ìwà tó hù? Ṣé ó wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e lọ? Ìbéèrè mẹ́rin yìí ni kí lẹ́tà rẹ̀ dáhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé dókítà, pẹ̀lú lẹ́tà ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà lójú ogun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyàwó tàbí ìyá tó rí i bó ṣe rí kó tó lọ àti lẹ́yìn tó dé. Ọ̀rẹ́ ojú ogun yẹn kò ní wà láyé títí o. Ẹ tètè wá a.

Ẹ̀rù iná ọdún 1973 náà máa ń mú àwọn àgbà jókòó. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún yẹn, iná jó ilé tí wọ́n ń kó fáìlì sójà pamọ́ sí lẹ́bàá St. Louis ní Missouri. Fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 ló bá a lọ, pàápàá ti àwọn Army tí wọ́n tú sílẹ̀ ṣáájú ọdún 1960. Òótọ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ìwé owó oṣù, ìwé ilé ìwòsàn àti àwọn àkọsílẹ̀ míì to fáìlì pa dà, débi tó bá ṣeé ṣe. Fọ́ọ̀mù NA 13055 wà fún ìyẹn.

Kò pọn dandan kí ènìyàn gba lọ́yà, béèyàn tilẹ̀ lè gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe sójà rí, bíi American Legion àti DAV, ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin kan náà sì ń ṣe é. Kí ènìyàn tó kọ nǹkan kan sórí DD 149 tàbí DD 293, kó kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù SF-180 béèrè gbogbo fáìlì rẹ̀, kó kà á látòkè délẹ̀, torí ohun tí ìgbìmọ̀ máa kà nìyẹn. Ó lè gbà ju ọdún kan lọ kí èsì tó dé. Tí wọ́n bá sì sọ pé rárá, ẹni tó bá rí ẹ̀rí tuntun lè padà lọ bá ìgbìmọ̀ àtúnṣe àkọsílẹ̀.

Tó bá jẹ́ bàbá yín ló gba ìwé OTH yìí, tó retí títí tó fi kú, ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ lè kọ DD 149 náà lórúkọ rẹ̀. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí ikú mọ́ ọn.