FIFA náà la ṣì ń pè é ní Pánṣẹ́kẹ́
Ìròyìn kan tí mo kà ní EA Sports FC, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ FIFA tẹ́lẹ̀, làwọn ọ̀dọ́ ń gbá báyìí. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti 2023 ni EA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti bọ́ orúkọ FIFA sílẹ̀, etí wa ò gbọ́.

Èmi ò kúrò lẹ́yìn Konami, ilé-iṣẹ́ míì tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, ní tèmi. Látìgbà tí géèmù wọn ṣì ń jẹ́ PES ni mo ti ń bá wọn bọ̀, eFootball tó ń jẹ́ báyìí ni mo sì ń gbá lórí fóònù, torí ọ̀fẹ́ ni. (Ọ̀fẹ́ tó ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu!) eFootball máa ń jẹ́ kéèyàn ronú kó tó pín bọ́ọ̀lù. Eré àsápajúdé ti pọ̀ jù nínú FC.

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo ń na àbúrò mi ní 2-1 ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bọ́tìnì X páàdì mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ Osimhen. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, iná lọ. Ọmọ náà gbé páàdì sílẹ̀, ó ní ọ̀mì la ta! Títí di òní, kò tíì san tiẹ̀ nínú owó géèmù tó yẹ ká jọ dá.