Tó bá ti kẹ̀yìn sí ẹ, ìjà ti tán

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn látọjọ́ Sátidé, mo dẹ̀ mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́ àwọn kan máa bú mi, kò burú, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná.

Orí WhatsApp àdúgbò wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Olè wọ ilé kan ní òpópónà kejì sí wa, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ àti fóònù méjì lọ, kílẹ̀ tó mọ́ gbogbo ọkùnrin inú group ti di Ògúnmọ́lá. Ẹnì kan ní àdá òun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹlòmíì ní kí wọ́n dán ilé òun wò, òkú wọn ni wọ́n máa wá gbé láàárọ̀. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an wá fi ohùn sílẹ̀, wọ́n ní òfin fún wa láṣẹ, pé tá a bá pa olè, kò sẹ́ni tó máa bi wá. Ẹ wá wo àtàǹpàkò lábẹ́ ẹ̀.

Mi ò fèsì níbẹ̀ torí àgbà ni wọ́n. Àmọ́ ìdajì òfin ni wọ́n sọ, ìdajì tó kù ló ń gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n.

Kẹ́ ẹ má rò pé ojo ló ń bá mi jà o. Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2020, ìgbà kónílé-ó-gbélé? Ìjọba àpapọ̀ ti Èkó àti Àbújá pa látọjọ́ 30 oṣù kẹta, Ògùn tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin, kò síṣẹ́, kò sówó, ebi ń pa ará ilé, ni ariwo bá sọ pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní Awáwa àti One Million Boys ń bọ̀, wọ́n ti wà l'Ágége, wọ́n ti dé Ìyánà-Ìpájà, wọ́n ń bọ̀ lọ́nà Sàngó. Àwa tí à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Abẹ́òkúta nígbà yẹn ò sùn. Tílẹ̀ bá ti ṣú a ó sun táyà sójú ọ̀nà, àwọn obìnrin á máa lu ìkòkò tí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, àwa ọkùnrin á di ohun tọ́wọ́ wa bá bà mú, àdá, irin, àwọn ọlọ́dẹ náà gbé ìbọn wọn. Pátákó dẹ́kìn ni tèmi, ìṣó méjì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, bí aago méjì, ọmọkùnrin kan yọ ní kọ̀rọ̀. Ẹnì kan pariwo, "Àwọn nìyẹn!" Ọmọ yẹn rí iná, ó rí àdá, ó yí padà, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣì ń bà mí lẹ́rù títí dòní ni pé ẹsẹ̀ tèmi náà ti ń sáré kí orí mi tó mọ̀. A lé e, a tó ogún, a lé e títí ó fi já sínú gọ́tà, wọ́n ti là á ní irin lápá kó tó lè sọ̀rọ̀. Orúkọ ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń ké. Ọmọ tó ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn wa ni, ó gbọ́ ariwo ìkòkò, ó ní kóun jáde wá bá wa ṣọ́ àdúgbò.

A dá owó jọ, a gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Kò sẹ́ni tó pe pólíìsì. Ọlọ́run yọ wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ìlú, mo bá lọ́yà kan tá a jọ lọ sílé ìwé sọ ọ́. Mo rò pé ó máa ní kò séwu. Ó ní, "Ká ní ọmọ yẹn kú ńkọ́, kí lo máa sọ fún adájọ́?" Mo ní a rò pé ọmọ Awáwa ni. Ó ní, "Ó dáa, ká tiẹ̀ gbà pé ọmọ Awáwa ni lóòótọ́. Kí ló ń ṣe nígbà tẹ́ ẹ lù ú?" Ẹnu mi wọhò. Ó ń sá lọ ni. Ó ní ẹjọ́ yẹn ti tán nìyẹn, ibi tó ti kẹ̀yìn sí yín lẹ ti kúrò ní ẹni tó ń gbèjà ara ẹ̀, ẹ ti di ẹni tó ń ṣọdẹ èèyàn.

Ó wá ṣàlàyé Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò lápá ibí, fún mi (àwọn ìpínlẹ̀ ti tẹ tiwọn jáde, Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2011, nọ́ńbà lè yàtọ̀ ṣùgbọ́n ibì kan náà lọ̀rọ̀ ń lọ). Abala 286 ló sọ ti gbígbèjà ara ẹni. Tẹ́nì kan bá kọ lù ẹ́, tí kì í ṣe ìwọ lo tọ́ ọ, o lè lo ipá tó máa tó lé e kúrò lára ẹ, àmọ́ kì í ṣe ipá tó lè pa á tàbí tó lè ṣe é léṣe burúkú. Ìgbà tó bá jẹ́ pé ohun tó gbé wá lè pa ẹ́, tàbí kó ba ara ẹ jẹ́, tó o dẹ̀ ní ìdí gidi láti gbà pé kò sí ọ̀nà míì tó o lè fi yè é, ìgbà yẹn lòfin tó gbà fún ẹ bó bá tiẹ̀ já síkú. Ẹni tó gbá ẹ létí, o ò lè fi àdá dá a lóhùn, kódà kó jẹ́ pé etí yẹn dún gooro lójú gbogbo ọjà.

Ti inú ilé yàtọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá wa ti gbọ́ ìdajì tiwọn. Abala 282 ní ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ nínú ilé ẹ̀ lè lo ipá tó bá gbà pé ó pọn dandan, kí ìdí tó fi gbà bẹ́ẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, láti dá ẹni tó ń jálẹ̀kùn wọlé wá ṣe ibi dúró, ọ̀sán o, òru o. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà, abala 33, níbi tó ti dáàbò bo ẹ̀mí gbogbo èèyàn, ó yọ ti ẹni tó ń gbèjà ara àti ti dúkìá sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kó má kọjá ohun tó pọn dandan. Láti má jẹ́ kó jálẹ̀kùn ni wọ́n kọ síbẹ̀ o. Wọn ò kọ pé kẹ́ ẹ lé e dé títì. Wọn ò kọ pé kẹ́ ẹ so ó mọ́ òpó iná, kẹ́ ẹ máa nà án lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dá èésú, kí ẹnì kan lọ wá táyà, kí ẹnì kan lọ wá pẹtiróòlù. Èyí tí à ń pè ní "ìdájọ́ ojú ẹsẹ̀" yẹn, ìpànìyàn lorúkọ ẹ̀ nílé ẹjọ́, abala 319, ikú ni ìjìyà ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì lọ́wọ́ sí i ló lè jẹ nínú ẹ̀, títí kan ẹni tó lọ ra pẹtiróòlù.

Wàyí o, ti sísá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti tò ó sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí ẹni tó bá pa èèyàn tó ní òun ń gbèjà ara òun ni máa fi hàn: pé kì í ṣe òun ló fa wàhálà, pé ewu ikú tàbí ọṣẹ́ ńlá dojú kọ òun lójú ẹsẹ̀ yẹn gan-an, pé kò sí ibi tóun lè sá gbà láìséwu, pé kò sí ohun míì tóun lè ṣe ju ohun tóun ṣe lọ. Abala 287 tiẹ̀ wá le mọ́ ẹni tó dá ìjà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ gbé ìjà dé pẹ̀lú èrò àtipa èèyàn, tí ọ̀rọ̀ wá yí padà tí ẹ̀mí tìẹ náà bọ́ sínú ewu, àfi kó hàn pé o ti jọ̀wọ́ ìjà, o ti fà sẹ́yìn débi tó ṣeé fà sẹ́yìn dé, kó tó di pé o pa á.

Sísá yẹn ló máa ń bí àwọn èèyàn wa nínú. "Kí n sá? Èmi? Lójú ìyàwó mi?" Mo ti gbọ́ ọ ní gáréèjì, mo ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń jà torí ààlà ilẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọdún méjìdínlógún tó fẹ́ fi ìgò tó fọ́ gún ọ̀rẹ́ ẹ̀ torí bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ àwọn bàbá wa tó jagun gidi, tí kì í ṣe ti orí WhatsApp, àwọn náà ló ní akin tó mọ ìjà tí ò mọ̀ ọ́n sá, á bógun lọ. Wọ́n ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Nígbà tí adájọ́ bá dẹ̀ bi ẹ́ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wà ní ṣíṣí àbí kò sí, kò ní bi ẹ́ pé ojú ń tì ẹ́ àbí kò tì ẹ́.

Ohun míì táwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ ni "mò ń gbèjà ara mi" àti "inú ló bí mi". Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o. Tí ti àkọ́kọ́ bá dúró, o ń lọ sílé ẹ lómìnira. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣe ohun tó mú ẹ bínú débi tí orí ẹ dàrú, tó o sì ṣe é lójú ẹsẹ̀ kí ara ẹ tó balẹ̀, ohun tí abala 318 máa ṣe fún ẹ ò ju kó sọ ìpànìyàn di manslaughter, ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn tó fúyẹ́ ju murder lọ, ìyẹn náà dẹ̀ lè gbé ẹ̀wọ̀n gbére wá. Tó o bá wálé, tó o jẹun, tó o wá mú àdá padà lọ, lọ́yà ẹ máa làágùn.

Àwọn kan máa ní ní Amẹ́ríkà ńkọ́. Ìṣòro wa gan-an nìyẹn, fídíò ibẹ̀ là ń wò, ibí là ń gbé. Florida ṣòfin ní 2005 pé ẹni tó bá wà níbi tó lẹ́tọ̀ọ́ sí, kò pọn dandan kó sá kó tó gbèjà ara ẹ̀, Texas tẹ̀ lé e ní 2007, Texas tiẹ̀ tún láwọn ibì kan tó ti gbà kéèyàn yìnbọn fún ẹni tó ń gbé ẹrù sá lọ lóru. Àmọ́ kó o kọjá lọ sí Maryland, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí jọjọ, tó bá jẹ́ ìta lo wà, tó o lè sá láìséwu, wọ́n retí kó o sá. Orílẹ̀-èdè kan náà o! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́, ní 1999, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tony Martin ní Norfolk yìnbọn fáwọn méjì tó wá jalè nínú ilé ẹ̀ lóru, ó pa ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan, ẹ̀yìn nìbọn ti ba ọmọ náà. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, kó tó di pé wọ́n já a sí manslaughter ní 2001, torí àìsàn ọpọlọ dẹ̀ ni o, kì í ṣe torí pé wọ́n gbà pé ó gbèjà ara ẹ̀. Ẹ̀yìn náà tún ni.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú òfin tán o, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Obìnrin tí ọkọ ń lù lóru, ẹ ò lè bi í bẹ́ ẹ ṣe máa bi ọkùnrin méjì tó ń jà níta ilé ọtí. "Kí ló dé tí ò sá?" Sá lọ síbo? Aago kan òru, ọmọ mẹ́ta wà lórí ẹní, kọ́kọ́rọ́ géètì wà lápò ọkọ, ilé bàbá ẹ̀ tó sá lọ nígbà kan, àwọn ni wọ́n mú un padà wá pé kó lọ ní sùúrù. Láìséwu ni ilé ẹjọ́ sọ, ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ káwọn lọ́yà ẹ̀ dì mú, kí wọ́n fi yàrá yẹn han adájọ́ bó ṣe rí, àní ibi tí ilẹ̀kùn wà àti ibi tí ọkọ dúró sí. Adájọ́ àgbà kan ní Amẹ́ríkà, Holmes, ti sọ ọ́ láti 1921 nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Texas, pé ẹni tí wọ́n na ọ̀bẹ sí, ẹ ò lè retí pé kó fara balẹ̀ rò ó síwá sẹ́yìn. Mo gbà pẹ̀lú ìyẹn. Ẹni tí ọ̀bẹ wà níwájú ẹ̀, ẹ má gbé ìwọ̀n lé e lọ́wọ́.

Ẹ má sì tan ara yín nípa pólíìsì. Kódà tó o bá jàre, àwọn ló máa kọ́kọ́ mú ẹ. Lóòótọ́, tó o bá ti sọ ọ́ pé ìwọ ń gbèjà ara ẹ, tí nǹkan kan dẹ̀ wà tó tì í lẹ́yìn, ìjọba ló máa fi hàn pé irọ́ ni, kì í ṣe ìwọ lo máa fi hàn pé òótọ́ ni. Àmọ́ inú àtìmọ́lé lo máa ti dúró dè wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́ níbí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fáwọn ọmọ ilé mi pé tólè bá wọlé, ariwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá, kí wọ́n pe aládùúgbò. Tó bá já ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ìyẹn di ọ̀rọ̀ míì, mi ò ní purọ́ fún yín pé màá máa ka abala òfin.

Ọmọ tá a lù yẹn ṣì wà ládùúgbò. Ó ti ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ báyìí, apá ẹ̀ ò nà tán. Tó bá rí mi, ó máa ń kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá," èmi ni mi ò kí ń lè wo apá yẹn.

Màá rọra fi èyí ránṣẹ́ sí bàbá wa nínú inbox wọn. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́ nínú group.