Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ nílé

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ibẹ̀ yẹn lọ̀pọ̀ wa máa ń bá a dé, a kì í sábà parí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì kù níwájú: iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà kó má kọ̀ ọ́ mọ́, gbogbo wa la níṣẹ́ tá a jọ ń bẹ ara wa. Àwa tá a máa ń fi òwe yìí rán ọmọ níṣẹ́, ó yẹ ká fetí sí apá kejì yẹn dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ inú pálọ̀ wa lọmọ ti ń ṣe súkúù.

Àtọdún 2020 lọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún yẹn ni wọ́n ti súkúù l'Ékòó torí Kòrónà, kónílé-ó-gbélé tẹ̀lé e lálẹ́ ọjọ́ 30, àwa tá a wà n'Íkòròdú níbí, láti Èbúté dé Agric, ńṣe la kàn rí i pé tíṣà ti wọnú WhatsApp. Ìjọba gbé lẹ́sìnnì sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó dáa, àmọ́ rédíò ò lè dúró de ọmọ tí ò tíì kọ ọ́ tán. Àwọn SS3 ló kọ́kọ́ padà lóṣù kẹjọ torí WAEC, àwọn kékeré ṣì wà lọ́rùn wa. Súkúù ti ṣí tipẹ́, ṣùgbọ́n WhatsApp yẹn ò lọ mọ́ o, tí hólídè bá dé, tí òjò bá dí ọ̀nà, fóònù á kàn dún, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Télọ̀ ni mí, ọmọ mẹ́ta, fóònù kan tó dáa. Tílẹ̀ bá ti mọ́, iná ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí tí NEPA ò bá mú un wá lóru fóònù á ti kú, á di kí ẹnì kan sáré gbé e lọ ṣáàjì ní ṣọ́ọ̀bù iwájú. Àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ gbà á torí Zoom, Zoom ọ̀fẹ́ yẹn sì rèé, tó bá ti pé ìṣẹ́jú 40 á gé. Tíṣà ọmọ kejì máa ń ya bọ́ọ̀dù ní fọ́tò, ọmọ á fi ìka méjì fa fọ́tò náà kó tó lè rí ohun tó wà ní kọ́nà, á kọ ìlà kan, ojú fóònù á ṣú, á tún tẹ̀ ẹ́. Voice note ni wọ́n ń fi kọ́ àbíkẹ́yìn, ó sì máa ń dáhùn "Yes ma" bíi pé tíṣà wà nínú yàrá. Kọ́sítọ́mà náà ń pè, ó fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ òun ti jáde, orí fóònù yẹn náà ló ń pè sí.

Lọ́jọ́ kan ọmọ kejì gbé ìṣirò wá, kó ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/4, ó ti wo fídíò tíṣà, kò yé e, ló bá kọ 2/6. Tépù wà lọ́rùn mi. Mo ní yáàdì kan, íńṣì mélòó? Ó ní 36. Ká a sí méjì. Ó ní 18. Tún un ká. Ó ní 9. Mo ní ó dáa, wọn 18, kó o wá wọn 9 lé e, ó kà á títí ó kan 27. 9 mélòó ló wà nínú ẹ̀? Mẹ́ta. Nínú 9 mélòó tó wà nínú yáàdì? Ó wo tépù, ó wò mí, ó ní "mẹ́rin! Mọ́mì, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni!" Bó ṣe ń pariwo ló ń pa 2/6 yẹn rẹ́. Orí pẹpẹ nìyẹn wà, èmi ni mo bá a gbé e. Ìgbà tó wá kù ká ya iṣẹ́ náà ká sọ ọ́ di PDF, òun ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ ibí tẹ ọ̀hún, ó ti lọ. Mo ní kó tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kí n mọ̀ ọ́n. "Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, mọ́mì, èyí tó wà lókè." Ẹ jọ̀ọ́, tọ́mọ bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá ń bi léèrè ò ní tijú àtibi ìyá ẹ̀ léèrè.

Àwọn kan á ní àwọn ò kàwé, kí làwọn fẹ́ wò lẹ́yìn ọmọ? Ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Sábó, kò mọ A yàtọ̀ sí B. Bó ṣe ń já ẹ̀fọ́, á ní kọ́mọ kàwé ẹ̀ sókè, tọ́mọ bá ń kọsẹ̀ á ní "padà sẹ́yìn, o ti fo nǹkan." Tó bá kà á tán: "Kí ló ń sọ? Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá." Ohun tí ò bá yé ọmọ, kò sí bó ṣe máa rò ó fún ìyá ẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ n'Ífẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọ́dún 6 gbáko, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní òyìnbó lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Nítorí náà ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Àmọ́ ẹ má torí pé ọmọ mọ fóònù kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ fún un o. Ọwọ́ tó wọ kèrègbè yẹn lè mú ohunkóhun jáde níbẹ̀. Nílé mi, orí tábìlì pálọ̀ ni fóònù ń gbé, kò gbọdọ̀ wọ yàrá, tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ ó ti padà sọ́wọ́ mi. Kàtúùnù kan ti tó láti jẹ dátà tá a fẹ́ fi gba iṣẹ́ ọ̀la. Kẹ́ ẹ sì dín ariwo kù, torí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ìṣirò.

Ẹ̀yin bàbá tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mile 12 ti lù bolẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ kàn ní kọ́mọ fi nǹkan kan ṣoṣo tó kọ́ lónìí hàn yín, kó ṣàlàyé ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan tẹ́ ò mọ̀ lóòótọ́. Tó bá ti sùn, ẹ bi í láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.