Agbaṣẹ́ṣe tó yẹ àdéhùn kì í ṣe ẹni àtìmọ́lé

Wọ́n ń pín in kiri pé bí agbaṣẹ́ṣe bá gba owó àtúnṣe ilé tí kò parí iṣẹ́, kí ẹ ní kí ọlọ́pàá tì í mọ́lé títí yóò fi dá owó padà. Òfin Nàìjíríà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32(2), ní a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kà á fúnra yín. Gbólóhùn kan péré ni.

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí. Ẹni tó lẹ táìlì sí yàrá kan, tó wá fi ìyókù sílẹ̀, ilé ẹjọ́ ló kàn. Ẹni tó fi rìsíìtì ayédèrú gba owó símẹ́ńtì tí kò rà, jìbìtì nìyẹn. Ẹ lè fi tirẹ̀ tó ọlọ́pàá létí. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, òógùn ojú ẹni ni.

Ní Èkó, Small Claims, ẹ̀ka tó wà fún gbèsè kékeré lábẹ́ ilé ẹjọ́ Májísíréètì, ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe náà. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe pàtó: “dá ₦800,000 mi padà” yàtọ̀ sí “iṣẹ́ rẹ kò dára”.