Ọgọ́rùn-ún ebè, igba ebè

Àwọn àgbà ní ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè, tó ní igba lòun kọ, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Onírọ́ la sábà máa ń fi bá wí. Ṣùgbọ́n oko ni òwe náà ti wá, oko ni mo sì fẹ́ dá a padà sí, torí ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ni àgbẹ̀ máa ń parọ́ jù. Ara rẹ̀ ló ń pa á fún.

Ẹ wo ilé àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn nínú oṣù kẹrin. Òjò ti rọ̀ lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá ti ń pọ́n àdá, ìyá ti sọ àgbàdo èṣí kalẹ̀ láti orí àjà, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Èbù iṣu ń dúró de ẹni tí yóò rù ú. Ìsinmi ọdún Àjíǹde ni, àwọn ọmọ wà nílé, ọkọ́ márùn-ún ló jáde lọ́jọ́ náà. Bàbá wo oko títí, ó ní: “Lọ́dún yìí, a ó gbìn ín dé etí odò.”

Ọkọ́ márùn-ún yẹn ni irọ́ bá wọlé. Àgbàdo tí a gbìn lọ́sẹ̀ yìí yóò bèèrè ọkọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí a bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, koríko ni yóò jẹ ajílẹ̀ tí a fowó rà. Nígbà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé, ẹni tó ń ṣe WAEC ti gbájú mọ́ ìwé. Ọkọ́ méjì ló kù. Ti ìyá kò sì pé odindi, torí òun náà ló ń pọnmi, tó ń rokà, tó ń nájà. (Mi ò tíì rí bàbá tó rántí èyí nígbà tó bá ń ka ọwọ́ tó ní.) Ọwọ́ tí yóò ro oko ni kí ẹ fi wọn oko, ẹ má fi ọwọ́ tí yóò gbìn ín wọ̀n ọ́n.

Ẹnìkan á ní àáró ń bẹ. Ó ń bẹ, ṣùgbọ́n àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀, a ó bọ́ àwọn tó wá, ó parí. Àáró, gbèsè ni. Bí ọkùnrin mẹ́rin bá bá ọ kọ ebè lónìí, ọjọ́ mẹ́rin rẹ ti lọ sóko olóko, inú òjò kan náà yìí ni wọn yóò sì ti gbà á. Alágbàṣe ńkọ́? Owó tiẹ̀ kì í dúró dìgbà ìkórè.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ebè bá fi mítà kan kan jìnnà síra, éékà kan á gba nǹkan bí 4,000. Àgbàdo tí a gbìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ní sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà méjì, 25 láàárín igi kan sí èkejì, á lé ní 21,000 lórí ilẹ̀ kan náà. Ọkọ́ gbọ́dọ̀ dé ìdí gbogbo wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má sì jẹ́ kí òjò kan ṣoṣo kó yín láyà sókè. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ òkè nìkan ló tutù, tí abẹ́ ṣì jẹ́ eruku, àgbàdo á hù, á sì gbẹ tí òjò bá dá. Èbù kò rí bẹ́ẹ̀: ó lè dúró nínú ebè de òjò, pàápàá bí a bá fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má baà sè é. Torí náà, èbù ni kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ bá, kí àgbàdo dúró títí omi yóò fi wọlẹ̀ dáadáa. Kí ẹ sì fi irúgbìn díẹ̀ pamọ́ fún àtúngbìn, nítorí àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́.

Bí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù bá ṣì ń wọ̀ yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀. Àárín ebè iṣu ni kí ẹ gbin ẹ̀gúsí sí. Á nà bo ilẹ̀, ewé rẹ̀ kò ní jẹ́ kí koríko rí oòrùn tó bó ṣe ń fẹ́, ìyẹn sì dín iṣẹ́ ọkọ́ kù. Owó tó bá jáde níbẹ̀, ìyá ni kẹ́ ẹ kó o fún.