Ewé Tòmátò Tó Ti Ká Kò Ní Là Nítorí Oògùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Ọjà Ọba, Akúrẹ́, mo dúró lẹ́yìn ìyá kan tí ó mú ẹ̀ka tòmátò wá sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń ta oògùn oko. Ewé orí ẹ̀ka náà ti ká sókè bí ṣíbí, etí rẹ̀ sì ti pọ́n bí èso ìyeyè. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbé ìgò kan lé wọn lọ́wọ́: "Ìyá, ẹ lọ fín èyí, yóò jí agbára tòmátò yín dìde, àrùn náà yóò sì lọ." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, ni ó sábà ń ká ewé tòmátò báyìí.

Lóòótọ́ ni àwọn kẹ́míkà kan wà tí ó ń mú kí ohun ọ̀gbìn gbèjà ara rẹ̀. Tòmátò fúnra rẹ̀ a máa ṣe salicylic acid, tí í ṣe mọ̀lẹ́bí aspirin tí a ń lò fún orí fífọ́, nígbà tí àrùn bá kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dán an wò. Ní ọdún 1979, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, R. F. White, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi abẹ́rẹ́ fa aspirin sínú ewé tábà, lẹ́yìn náà ni ó wá fi fáírọ́ọ̀sì kan ewé náà, ojú egbò tí ó yọ lára rẹ̀ sì kéré jọjọ sí ti ewé tí kò gba aspirin. Aspirin ni ó ṣáájú, fáírọ́ọ̀sì ni ó tẹ̀lé e, irú tábà tí ó lò sì jẹ́ èyí tí a bí agbára àtikojú fáírọ́ọ̀sì yẹn mọ́. Acibenzolar-S-methyl, kẹ́míkà fífín tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà láti ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò yàtọ̀: kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ara ohun ọ̀gbìn ni ó ń múra sílẹ̀ de àrùn tí kò tíì wọlé. Èyí tí ó bá ti wọ inú iṣan, kò sí ohun tí a ó fín tí yóò lé e jáde.

Èmi náà ti gọ̀ rí. Ní oko mi ní ọ̀nà Ọ̀dà, mo lọ aspirin, mo pò ó mọ́ omi, mo fín in sí ìdí tòmátò mọ́kànlá tí ewé wọn ti ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ wò wọ́n láràárọ̀; ewé tuntun ń yọ, ó sì ń ká bíi ti ìṣáájú, òdòdó ń rẹ̀ dànù láìso. Ọjọ́ tí mo yí ewé kan padà ni àwọn eṣinṣin funfun wínníwínní fò dìde lábẹ́ rẹ̀ bí eérú tí atẹ́gùn gbé. Àwọn ni wọ́n ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà láti ìdí kan dé òmíràn, èmi ni mo sì ń tọ́jú ilé fún wọn. Mo fa gbogbo rẹ̀ tu, mo sun ún.

Àwọn kan yóò ní àwọn fín in, ó sì san. Bóyá oòrùn tàbí àìtó omi ni ó ká ewé tiwọn, tí òjò sì wò ó sàn. Mo gbà ṣá pé bí a bá fín irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ kí àrùn tó dé, ó lè dín agbára rẹ̀ kù, bí kì í tilẹ̀ rí bákan náà ní gbogbo oko.

Mo sin ìyá náà dé ìdí ọkọ̀, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fa èyí tó ti ká tu, kí wọ́n fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há bo ibi tí wọ́n bá ń hu irúgbìn mìíràn sí. Wọ́n ní àwọn ti sanwó ìgò náà ná.